Ingoma Nshya

Ẹgbẹ́ onílù obìnrin ni Ingoma Nshya, ní ìlú Huye (Butare àtijọ́), gúúsù Rwanda. Odile Gakire Katese, òṣèré àti òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé, ló dá a sílẹ̀ ní 2004, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìpakúpa àwọn Tutsi. Títí di ìgbà náà, ọkùnrin nìkan ló ń lu ìlù ńlá tí wọ́n ń pè ní ingoma; èèwọ̀ obìnrin ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe ìjọba ọba ní èdè Kinyarwanda. Ẹni tó bá mọ ohun tí gbẹ̀du jẹ́ láàfin Yorùbá yóò tètè rí ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wúwo. Opó wà nínú ẹgbẹ́ náà, ọmọ òrukàn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìbátan àwọn tó lọ́wọ́ nínú ìpànìyàn; wọ́n jọ ń lu ìlù pọ̀ ni. Ní 2010, àwọn kan nínú wọn ṣí ìsọ̀ áísìkirímù Inzozi Nziza (“Àlá Dídùn”), pẹ̀lú ìrànwọ́ àwọn oníṣòwò áísìkirímù kan láti Brooklyn. Ìtàn ẹgbẹ́ náà àti ìsọ̀ yìí ni fíìmù Sweet Dreams (2012) dá lé.