Àwọ̀ Ara Kọ́ Ni Háítì Fi Mọ Ọmọ Rẹ̀

Ìtàn kan wà tó ti wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu: pé nígbà tí àwọn ẹrú Saint-Domingue, ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, lé Faransé lọ, tí wọ́n dá Háítì sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1804, ohun tí òyìnbó ṣe fún wọn ni wọ́n san padà fún òyìnbó, pé wọ́n ní aláwọ̀ dúdú nìkan ló ni ìlú. Àwọn tó kórìíra Háítì ń fi ìtàn yìí bú u. Àwa tá a fẹ́ràn rẹ̀ náà, pàápàá nígbà tá a bá rántí pé Nàgó, ìyẹn àwọn Yorùbá, wà lára àwọn tó jà, à ń fi yangàn. Tọ̀tún-tòsì ni wọ́n ṣì í sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé òfin Háítì fúnra rẹ̀, èyí tí Dessalines, olórí rẹ̀ àkọ́kọ́, gbé jáde lóṣù Èbìbí 1805. Abala 12 ni gbogbo èèyàn máa ń tọ́ka sí: òyìnbó kankan kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tàbí onílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ìwé dé. Abala 13 sì wà níbẹ̀ tó ní ọ̀rọ̀ yìí ò kan àwọn obìnrin òyìnbó tí ìjọba ti gbà bí ọmọ Háítì, kò kan àwọn ọmọ wọn, bí a ti bí wọn tàbí a ò tíì bí wọn, kò sì kan àwọn ará Jámánì àti Pólándì tí ìjọba gbà. Napoleon ló kó àwọn ará Pólándì wá láti bá a tẹ àwọn ẹrú lórí ba. Àwọn kan nínú wọn rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sì yí sẹ́yìn àwọn ẹrú. Ìran wọn ṣì wà ní abúlé Cazale títí dòní. Abala 14 ló wá parí ọ̀rọ̀: "dúdú" ni orúkọ kan ṣoṣo tí a ó máa pe gbogbo ọmọ Háítì. Ará Pólándì tó pọ́n wẹ̀ẹ̀ náà di dúdú lábẹ́ òfin!

Ẹni tó bá ń wá orílẹ̀-èdè tuntun tó fi àwọ̀ ara ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kó lọ wo Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1790, wọ́n ṣòfin níbẹ̀ pé àjèjì tí kì í bá ṣe òyìnbó tó lómìnira kò lè di ọmọ ilẹ̀ náà.

Mi ò sọ pé ọwọ́ Dessalines mọ́ o. Lọ́dún 1804 kan náà ló ní kí wọ́n pa àwọn Faransé tó ṣẹ́ kù, tọmọdé tàgbà. Ìpànìyàn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà nínú abala 12 ní ìdí: lọ́dún 1802, Faransé ti dá oko ẹrú padà sí Guadeloupe, lójú àwọn tí wọ́n ti sọ fún pé wọ́n ti dòmìnira. Ẹni tó lè padà wá sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá ni òfin náà ń lé.

Lóòótọ́, nígbà tó di 1816, lábẹ́ Ààrẹ Pétion, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọ inú òfin gan-an, ṣùgbọ́n láti fi gbani wọlé ni. Abala 44 òfin ọdún yẹn ní ọmọ Áfíríkà tàbí ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, àti ìran wọn, tó bá wá gbé Háítì, ọmọ Háítì ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹrú kan ní Jàmáíkà gbé ọkọ̀ ojú omi ọ̀gá wọn sá, wọ́n gúnlẹ̀ sí gúúsù Háítì. Ọ̀gá wọn bá wọn débẹ̀, ó ní kí wọ́n kó wọn fún òun. Pétion ní kò sí ẹrú kankan nílẹ̀ òun; látìgbà tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ti di ọmọ Háítì. Ọ̀gá kò rí wọn kó padà.

Ibi tí ẹ̀bi Háítì wà gan-an, kì í sábà wọ inú ìtàn. Abala 9 òfin 1805 ní ẹni tí kò bá jẹ́ baba rere, ọmọ rere, ọkọ rere, àti jagunjagun rere ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò yẹ lẹ́ni tí à ń pè ní ọmọ Háítì. Ọkùnrin tó gbébọn nìyẹn. Obìnrin tó ń roko ńkọ́? Àgbẹ̀ tí kò sí nínú ọmọ ogun ńkọ́? Dessalines dá wọn padà sínú oko ńlá tí wọ́n ti ń sìn tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1826, Ààrẹ Boyer ṣòfin pé òṣìṣẹ́ oko kò gbọdọ̀ kúrò lóko láìgbàṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ dá ìjọba náà lẹ́jọ́, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.