Ẹyẹ Inú Kòtò Èédú àti Jẹnẹrétọ̀ Ilé Wa

Kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ òní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìtàn yìí tán.

Ní oṣù kìíní ọdún 1896, ìbúgbàmù ṣẹlẹ̀ nínú kòtò tí wọ́n ti ń wa èédú ní Tylorstown, ní ilẹ̀ Wales. Òṣìṣẹ́ 57 ló kú. Ẹni tó bá gbọ́ á rò pé iná ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John Scott Haldane, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó rí i pé gáàsì ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Carbon monoxide ni wọ́n ń pè é. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta ojú.

Ẹ̀jẹ̀ wa ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Gáàsì yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Èèyàn á máa mí, ṣùgbọ́n ọ́síjìn ò ní dé ọpọlọ àti ọkàn rẹ̀ tó.

Haldane dábàá pé kí àwọn awakùsà máa mú ẹyẹ kékeré dání wọnú kòtò. Ẹyẹ canary ń mí kíákíá ju èèyàn lọ, gáàsì á sì tètè mú un. Bí ẹyẹ bá ti ṣubú, kí kálukú sá jáde ni. Ó di ọdún 1986 kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀ ní Britain.

Gáàsì yẹn náà ló ń jáde lára jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ ìgékoríko tó ń lo epo bẹntiróòlù. Kò sì sí ẹyẹ nínú yàrá wa.

Nítorí náà:

1. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ síta gbangba, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe ilé ìdáná, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù. Ṣíṣí fèrèsé nìkan kò tó.

2. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù olè ló ń mú wa gbé e wọlé. Ẹ fi ṣéènì dè é níta. A lè ra jẹnẹrétọ̀ mìíràn, ẹ̀mí ò ṣeé rà lọ́jà.

3. Ẹ pa á kí ẹ tó sùn. Ẹni tó ti sùn kì í mọ̀ ìgbà tí gáàsì dé.

4. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì ń gbé yín nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹ má kọ́kọ́ pè é ní ibà. Ẹ jáde síta ná, gbogbo ará ilé.

5. Bí ẹnikẹ́ni bá dákú, ẹ gbé e síta, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù kíá. Epo pupa àti mílíìkì kò lè tú gáàsì yìí. Ọ́síjìn ni ìtọ́jú rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ọmọ yín wà lálẹ́ òní. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.