Sàráà, Àdúrà àti Àwọn Ọmọ Ábúráhámù

Ẹ̀yin Yorùbá tí ń gbé ní Port Harcourt àti agbègbè rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ń kírun nílé. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́, ìbéèrè kan náà ni a máa ń bi ara wa: ṣé àjèjì pátápátá ni ẹ̀sìn àwọn ará wa wọ̀nyí sí ìdílé tí Bíbélì ti jáde wá? Ìtàn ni a fẹ́ fi dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Ẹni tí ó bá ń ṣe sàráà, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni ó ń sọ, èyíinì sadaqa. Ìbátan rẹ̀ ní èdè Hébérù ni tsedaqah, tí àwọn Júù fi ń pe ìtọrẹ àánú, tí ó sì túmọ̀ sí òdodo nínú Májẹ̀mú Láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni salaam àti shalom rí. Èdè méjèèjì bá ara wọn tan, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá àti Ígálà ti bá ara wọn tan.

Júù àti Mùsùlùmí gbà pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ń bẹ. Wọ́n ka Ábúráhámù sí baba, wọ́n ń kọ ọmọkùnrin nílà, wọn kì í sì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí Muhammad ṣí lọ sí Mẹ̀dínà ní 622, ó bá àwọn Júù níbẹ̀. Jerúsálẹ́mù ni òun àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kọ́kọ́ ń kọjú sí kírun, kí wọ́n tó yí sí Mẹ́kà ní ìwọ̀n ọdún 624. Ọmọ tí baba wa fẹ́ fi rúbọ ńkọ́? Kùránì kò dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Al-Tabari, àgbà onímọ̀ láàárín wọn, ní Ísáákì ni. Íṣímáẹ́lì ni ọ̀pọ̀ wọn ń wí lónìí.

Ìbátan kò ní kí ìjà má wà. Wọ́n jà ní Mẹ̀dínà. Ní Tuat, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ìwọ̀n ọdún 1492, al-Maghili mú kí a wó sínágọ́gù àwọn Júù. Òun kan náà ni ó kọ̀wé ìmọ̀ràn fún Muhammad Rumfa, ọba Kánò. Ṣùgbọ́n ní 1492 yẹn gan-an ni àwọn ọba Kristẹni lé àwọn Júù kúrò ní Sípéènì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rí ààbò ní ilẹ̀ Súlítánì Tọ́kì. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe yára dájọ́.

Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ní ìdí láti kórìíra Mùsùlùmí. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú tí Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn kó o ní Òṣoògùn. Síbẹ̀, nígbà tí òun, Thomas King àti àwọn mìíràn ń túmọ̀ Bíbélì, wọn kò kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti mú wọ èdè wa: àlùfáà ni wọ́n pe Áárónì, wòlíì ni wọ́n pe Aísáyà, àlàáfíà sì ni shalom. Àdúrà tí à ń gbà ní àràárọ̀ pàápàá, orúkọ Lárúbáwá ni ó ń jẹ́.

Bíṣọ́ọ̀bù yìí ni ó gbé iṣẹ́ Ìyìn Rere wá sí Bonny, nítòsí wa níbí, ní àwọn ọdún 1860. Ní 1872 ó jókòó níwájú Émíà Ìlọrin. Wọ́n bi í ní ìbéèrè púpọ̀, kò sì bá wọn jiyàn: Bíbélì Yorùbá ni ó ṣí, tí ó ń ka ìdáhùn rẹ̀ jáde fún wọn.