Àwọn Obìnrin Àpọ́nlé inú Ìtàn Ìwáṣẹ̀ Òkè-Ògùn àti Ìwà tí Wọ́n Dúró Fún

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè nínú ìdánwò irú ìwà tí àwọn òrìṣà obìnrin ilẹ̀ Yorùbá dúró fún, ìdáhùn tí ó sábà máa ń wá ni pé sùúrù ni, àti ìtẹríba fún ọkọ. Ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ó kéré púpọ̀ sí ohun tí ìtàn wí. Òkè-Ògùn ni ó sì yẹ kí a ti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé díẹ̀ nínú àwọn ìtàn náà fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀.

Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wà nínú ọ̀dàn, láàárín Ṣakí àti Ìgbòho. Agbègbè yìí ni odò Ògùn ti ṣẹ̀ wá, kí ó tó gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ṣi ohùn pè: Ògùn ni odò, Ògún ni òrìṣà irin. Ẹni tí ó bá da ohùn méjèèjì pọ̀ ti da òrìṣà méjì pọ̀, nítorí Yemọja ni ó ni odò Ògùn.

Ìtàn kan sọ pé láti Ifẹ̀ ni Yemọja ti wá sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí ó sì fẹ́ Òkèrè ní Ṣakí. Kí wọ́n tó fẹ́ra, ó bá a dá májẹ̀mú kan ṣoṣo: kò gbọdọ̀ fi ọmú òun tí ó tóbi ṣe yẹ̀yẹ́ láéláé. Ní ọjọ́ kan tí ẹmu pa Òkèrè, ó da májẹ̀mú náà. Yemọja kò bẹ̀ ẹ́, kò sì bú u padà; ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó bá sọ̀rọ̀. Ohun tí Olókun, ìyá rẹ̀, fún un láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ fọ́ lójú ọ̀nà, ó sì di odò. Òkèrè di òkè láti dínà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Ṣàngó, ọmọ Yemọja, la òkè náà sí méjì, omi sì bá tirẹ̀ lọ.

Abiyamọ ni Yemọja, gbogbo ènìyàn ni ó mọ èyí. Ṣùgbọ́n ìwà tí ìtàn yìí gbé ga jù lọ ni iyì ara ẹni àti pípa àdéhùn mọ́. Ọkọ tí ó da májẹ̀mú ni ìtàn dá lẹ́bi, kì í ṣe aya tí ó kúrò nílé. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kò fi ìyá yìí sẹ́yìn. Yemayá ni wọ́n ń pè é ní Kúbà. Iemanjá ni ní Bràsíìlì, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń gbé òdòdó lọ sí etí òkun Salvador fún un ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì lọ́dọọdún.

Ọya ni èkejì. Nígbà tí ìjọba bọ́ lọ́wọ́ Ṣàngó ní Ọ̀yọ́-Ilé, Ọya ni ìtàn sọ pé ó dúró tì í nínú àwọn aya rẹ̀. Òtítọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kì í ṣe ẹ̀yìn ọkọ lásán: òun ni ó ni ìjì tí ń ṣáájú àrá. Ìgboyà àti òtítọ́ ni ó so pọ̀ nínú ara rẹ̀.

Ní Ìgbẹ́tì, òkè ńlá kan ń jẹ́ Ìyámàpó. Ìyámàpó ni òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, àwọn bíi ìkòkò mímọ àti aró rírẹ. Kò sí ọkọ tí a nílò láti dárúkọ kí ìyìn rẹ̀ tó pé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni iyì rẹ̀.

Ọbà ni ó yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ó gba ìmọ̀ràn ẹ̀tàn, ó gé etí ara rẹ̀ sínú ọbẹ̀ kí ọkọ lè fẹ́ràn rẹ̀, Ṣàngó sì kọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìtẹríba láìsí ìmọ̀ ni àwọn baba wa ń yìn, Ọbà ni ì bá gba ẹ̀yẹ. Ẹkún ni ìtàn rẹ̀ parí sí.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Íńdíà, Sita inú ìtàn Ramayana ni àpẹẹrẹ ìfaradà àti òtítọ́ sí ọkọ. Ṣùgbọ́n Saraswati ni ìmọ̀ àti orin, Lakshmi ni ọlà, Durga sì ni jagunjagun tí ó pa ẹ̀mí búburú tí àwọn òrìṣà ọkùnrin kò lè ṣẹ́gun. Odò Ganga pàápàá, ìyá ni wọ́n ń pè é, bí a ti ń pe Yemọja. Ẹni tí ó bá dárúkọ Sita nìkan kò tíì sọ ìdajì ìtàn náà.

Ó yẹ kí a ya ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn àwọn ọba. Síbẹ̀, ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀ sí èkejì. Ní sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún, nígbà tí Ìgbòho jẹ́ olú ìlú Ọ̀yọ́, Ọ̀rọ́mpọ̀tọ̀ jọba níbẹ̀. Ìwé Samuel Johnson tí a tẹ̀ jáde ní 1921 kà á sí ọkùnrin. Àwọn onítàn mìíràn sì gbà pé obìnrin ni. Gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan pé akin lójú ogun ni, ó sì mọ bí a ti ń lo ẹlẹ́ṣin. Àwọn tí ó ń sọ ìtàn Ọya fún ọmọ wọn ni ó pa ìtàn pé obìnrin lè jẹ Aláàfin mọ́.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá dúró níwájú àwọn ọmọbìnrin ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tàbí níbòmíràn kò gbọdọ̀ fi sùúrù nìkan lé wọn lọ́wọ́. Kí ó fi iyì Yemọja kún un, àti ìgboyà Ọya, àti iṣẹ́ ọwọ́ Ìyámàpó. Kí ó sì fi ti Ọbà ṣe ìkìlọ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.