Ẹ̀rọ Ayára-bí-Àṣá àti Èdè Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ ọmọ, inú ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, èyíinì ni kọ̀ǹpútà, ni ó ti ń bá a. Ó yẹ kí a mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe dé ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Bìrìtéènì. Kọ̀ǹpútà kò ṣèèṣì wọ kíláàsì níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ Acorn ní ìlú Cambridge gbé BBC Micro jáde. Nígbà tí ó di oṣù Kìn-ín-ní 1982, ilé-iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ ètò lórí amóhùnmáwòrán láti la àwọn ará ìlú lójú nípa kọ̀ǹpútà. Ìjọba pẹ̀lú ń san ìdajì owó kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé-ìwé. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà rò pé nǹkan bí 12,000 ni àwọn yóò tà; èyí tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù kan.

Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá kò bá wọn wọlé. Orí àkójọ àmì kan tí ń jẹ́ ASCII, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1963, ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà náà dúró lé. Àyè 128 péré ni ó ní. Gẹ̀ẹ́sì rí àyè. Ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn kò rí. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi, oko kan náà ni ẹ̀rọ kó gbogbo wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àkọtọ́ tí àwọn baba wa ti ṣe àpérò lé lórí ní Èkó ní 1875!

Ọdún 1991 ni àkójọ tuntun, Unicode, jáde, tí ó wá fún èdè wa ní àyè. Lónìí, ọ̀pọ̀ fóònù ni a lè fi tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa? Ẹ̀rọ kì í yan èdè fúnra rẹ̀. Ènìyàn ni í yàn án fún un. Ẹ jókòó ti ọmọ yín nídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ orúkọ rẹ̀ tàmì-tàmì, kí ẹ sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ bẹ olùkọ́ rẹ̀ pé kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.