Àáró láàárín Àwọn Ilé-Ìwé Girama Ìgbèríko

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni bí àwọn ilé-ìwé girama tí ó múlé gbe ara wọn ní ìgbèríko ṣe lè jọ lo ohun tí apá ẹyọ kan nínú wọn kò ká. Àjọṣe kì í ṣe àjèjì sí ìtàn ẹ̀kọ́ wa. Ẹgbẹ́ Atúnlùúṣe ni ó dá Ilé-ìwé Girama Iléṣà sílẹ̀ ní 1934. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Ọ̀fà sì dá tiwọn sílẹ̀ ní 1943. Ṣùgbọ́n irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá àwọn tí ń pe ọba kan náà ní Kábíyèsí.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ni ó sọ ebi ẹ̀kọ́ di ti gbogbo ilé. Nígbà tí ìpínlẹ̀ márùn-ún tí ẹgbẹ́ UPN ń ṣàkóso sọ ti girama náà di ọ̀fẹ́ ní 1979, ìlú tí kò ju ọjà kan lọ pàápàá ń bèèrè ilé-ìwé tirẹ̀. N kò bá wọn wí. Ta ni ó fẹ́ kí ọmọ òun máa fi ẹsẹ̀ rin ibùsọ̀ márùn-ún? Àmọ́ ó yá láti mọ ògiri ju láti rí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lọ.

Mo mọ ilé-ìwé méjì nígbà náà tí ibùsọ̀ mẹ́ta péré wà láàárín wọn. Ọ̀kan ní yàrá ìwádìí tí ó péye, kò ní olùkọ́ kẹ́místírì. Èkejì ní olùkọ́, ṣùgbọ́n ìgò òfìfo ni ó fi ń kọ́ni. Àwọn ọ̀gá méjèèjì fohùn ṣọ̀kan: ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ti ìhín á rìn lọ sí ọ̀hún, olùkọ́ wọn á sì kọ́ tọ̀tún-tòsì pọ̀. Ó lọ déédéé fún sáà méjì. Ní sáà kẹta, wọ́n gbé olùkọ́ náà lọ sí ìlú mìíràn. Ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ilé-ìwé méjì ni òun ń gba olùkọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn kan a máa fi irú ètò yìí wé ọ̀wẹ̀. Èmi kò gbà. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ a pèsè oúnjẹ, ọ̀rọ̀ parí. Àáró ni ó yẹ kí a fi wé: bí mo bá bá ọ kọ ebè lónìí, oko mi ni ó kàn, iye ọjọ́ sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ilé-ìwé tí ó ń gbàlejò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìrí nǹkan gbà padà yóò ti ilẹ̀kùn. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí a kọ àdéhùn sílẹ̀: ta ni yóò ra ásíìdì nígbà tí ó bá tán, ta ni yóò san owó ìgò tí ó fọ́, kí àjọ tí ń gbé olùkọ́ kiri sì ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó tó mú bírò.