Ogun Olómiró ti Ọdún 1845

Ìgbàkúùgbà tí mo bá ń sọ ìtàn ogun yìí fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Tíṣà, báwo ni òùngbẹ ṣe lè gbẹ ènìyàn nínú ìlú tí omi yí ká?" Inú orúkọ ogun náà ni ìdáhùn wà, nítorí ogun omi oníyọ̀ ni Olómiró.

Ìjà ẹbí ni. Ní ọdún 1841, àrá sán, iná ran ẹ̀tù ìbọn nínú ààfin, Ọba Olúwọlé sì kú. A fi Akítóyè jọba. Kòsọ́kọ́, ọmọ Òsínlókùn tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Akítóyè, wà ní ìsáǹsá ní Ouidah nígbà náà. Ọba tuntun yìí ń wá àlàáfíà: ó ránṣẹ́ pè é wálé, ó sì fi í jẹ Olójà Ẹ̀rẹ̀kó. Ẹlẹ́tù Òdìbò, tí òun àti Kòsọ́kọ́ ti jẹ́ ọ̀tá tipẹ́, bínú lọ sí Àgbádárìgì. N kò lè dá Akítóyè lẹ́bi pé ó pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ó tún ránṣẹ́ pe Ẹlẹ́tù padà, ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1845, Kòsọ́kọ́ gbé ogun dìde.

Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dó ti Ìgà Ìdúngànrán ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìbọn ń dún lọ́sàn-án lóru, ṣùgbọ́n òùngbẹ ni ó pọ́n àwọn ará inú ìgà lójú jù. Ọ̀nà omi dídùn ti dí mọ́ wọn. Omi oníyọ̀ ni wọ́n ń mu. Ẹni tí omi ọ̀sà bá ti kó sí lẹ́nu rí nígbà tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ yóò mọ ohun tí ojú wọn rí.

Níkẹyìn, Akítóyè bọ́ sínú ọkọ̀, ó gba ojú omi lọ sí ìhà Àgbóyì. Òṣódì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀, ni ìtàn sọ pé ó jẹ́ kí ó kọjá. Ẹrú Òsínlókùn ni Òṣódì ti jẹ́ rí, bẹ́ẹ̀ ni àbúrò Òsínlókùn ni ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ yìí. Ẹlẹ́tù ní tirẹ̀ kò rí ẹni ṣàánú rẹ̀. Wọ́n mú un, wọ́n sì pa á.

Àwọn Ẹ̀gbá gba Akítóyè ní Abẹ́òkúta. Kòsọ́kọ́ ní kí wọ́n fi orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun; wọ́n kọ̀. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí ó ti bẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ìrànlọ́wọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun wọn yìnbọn lu Èkó títí Kòsọ́kọ́ fi sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Òṣódì bá olúwa rẹ̀ lọ. Ọdún 1862 ni wọ́n tó padà wálé, ibi tí Òṣódì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tẹ̀dó sí ni à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní.